Aunty Tòún To Ìràwọ̀ sí Láìnì

Ní gbogbo Peckham, kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn láìnì bí Aunty Tòún. Bí èèyàn méjì bá ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Rye Lane, tí Aunty Tòún sì bá wọn níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn yóò fi rí i pé òun ti bọ́ sí ẹ̀yìn ẹnì kejì, láìmọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Kì í pariwo. Ìka kan ṣoṣo ni ó máa ń nà, yóò fi tọ́ka sí ibi tí ó yẹ kí o dúró sí, ìwọ náà yóò sì lọ síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í gbọ́ ti ọlọ́pàá pàápàá máa ń lọ.

Ibi iṣẹ́ ni ó ti kọ́ ọ. Láti ìgbà tí ó ti dé London títí tí ó fi fẹ̀yìn tì, ilé oúnjẹ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni ó ti ń ṣiṣẹ́, tí ó ń bu ọ̀dùnkún àti ẹ̀wà fún àwọn ọmọ tí ebi ti sọ di ọmọ ogun. Ẹ̀kọ́ tí ó rí kọ́ níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí gbogbo ọmọ bá sáré síbi ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tí yóò jẹun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tò, tí wọ́n ń bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ni yóò yó, ìkòkò kò sì ní dànù. Aunty Tòún gbà pé ọ̀rọ̀ yìí tó láti fi ṣe ìjọba.

Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó dá kíláàsì Yorùbá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò, ní àárọ̀ Sátidé, nínú yàrá kan ní gbọ̀ngàn tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye. Ọmọ Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ọmọ ìjọ onígbàgbọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n ń tò wọlé, wọ́n ń tò jókòó, wọ́n ń tò gba omi ọsàn. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Malachi, tí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti sọ tipẹ́ pé bí wọn kò bá ti pé mẹ́jọ mọ́, òun yóò gbé yàrá náà fún àwọn obìnrin kan tí ń fi orin ṣe eré ìdárayá, nítorí pé àwọn yẹn pọ̀, wọn kò sì yéé bẹ òun. Aunty Tòún kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dí òun lóorun. Mẹ́sàn-án ṣáà ju mẹ́jọ lọ.

Àfi ìgbà tí Ọlágòkè dé.

Ọlágòkè ni bàbá Asher àti Shiloh. Iṣẹ́ gáàsì ni ó ń ṣe. Òun ni ó ń tún ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná ṣe láti Peckham títí dé Forest Hill. Ó ga, ó sanra, ó sì fẹ̀ débi pé bí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó wà nínú yàrá á rò pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Aunty Tòún mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yẹn, òun ni ọmọ tí ó máa ń gba oúnjẹ tán, tí yóò lọ yí inú súwẹ́tà rẹ̀ síta, tí yóò sì tún padà wá tò sẹ́yìn láìnì bí ẹni pé ẹlòmíràn ni.

"Ẹ káàárọ̀, Aunty," ni ó wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ dé ibi tí ikùn rẹ̀ gbà á láyè dé.

"Káàárọ̀, Gòkè. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí ni. Mo fẹ́ kó wọn kúrò níbí. Kíláàsì kan wà ní Forest Hill tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà darí róbọ́ọ̀tì. Sátidé ló bọ́ sí."

Aunty Tòún wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí Asher, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dúró sí. "Asher, ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n mú ọ lọ?"

Asher ń wo bàtà rẹ̀. "Aunty, ẹ má bínú. Orí, ojú, imú, ẹnu, every week. Mo ti mọ orí mi, Aunty. Ó ti pẹ́. And Yorùbá, wọ́n kàn fi ń kí èèyàn ni, wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Kò lè sọ nípa science."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mo kàn wò ó ni."

Bí a bá mú méjì kúrò nínú mẹ́sàn-án, méje ni yóò kù. Etí Aunty Tòún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin àwọn eléré ìdárayá.

"Gòkè," ni ó wí, "nígbà tí o wà ní kékeré, ẹ̀ẹ̀mejì lo máa ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Ǹjẹ́ mo fẹjọ́ rẹ sùn rí?"

Ọlágòkè la ẹnu, kò lè pa á dé. "Aunty, ẹ mọ̀?"

"Súwẹ́tà lo yí padà, o ò yí ara padà. Nítorí náà, ìwọ náà ṣe mí lóore kan. Jẹ́ kí Asher mú ohun kan nínú sáyẹ́ǹsì, èyí tó bá le jù. Màá fi Yorùbá kọ́ ọ ní Sátidé tó ń bọ̀, ìwọ náà á wá jókòó. Tí Asher bá lè fi Yorùbá sọ ọ́ padà fún ọ, ẹ dúró. Tí kò bá lè sọ ọ́, kó wọn máa lọ. Màá máa gbàdúrà fún róbọ́ọ̀tì yín."

Ọlágòkè rò ó wò, ó ní ó dáa. Asher kò tilẹ̀ rò ó rárá.

"Massive stars," ni ó wí. "Àwọn ìràwọ̀ tó tóbi gan-an. Bí wọ́n ṣe ń di ìràwọ̀, nínú cloud tó dúdú, far away."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Aunty Tòún wí. Kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Orí sì bá a ṣe é. Nínú ilé tó wà nísàlẹ̀ tirẹ̀ ni Alhaja Hàlímọ̀tù ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Nusaybah, tí ń kàwé ní yunifásítì láti di dókítà ọ̀mọ̀wé, kì í ṣe ti oníṣègùn. Aunty Tòún mọ̀ pé nípa ìkúùkuu ni ọmọ náà ń kàwé. Ó ti ń rò láti ọjọ́ yìí pé ojú ọjọ́ ni, ó sì ti bi í lọ́pọ̀ ìgbà bóyá òjò yóò rọ̀ lọ́jọ́ tí òun bá sá aṣọ. Nusaybah, nítorí pé wọ́n kọ́ ọ nílé, máa ń wo fóònù rẹ̀, yóò sì dá a lóhùn.

"Kì í ṣe ìkúùkuu òjò, Aunty," ni Nusaybah wá ṣàlàyé lọ́jọ́ náà, ní kíṣìnì wọn, bí ó ti ń gbé tíì kalẹ̀. Ọmọ bíbí Peckham ni, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń dùn bí ìgbà tí èèyàn bá wọ bàtà tuntun rìn. "Láàárín ìràwọ̀ kan sí èkejì, ibẹ̀ ò ṣófo. Gáàsì wà níbẹ̀, eruku wà níbẹ̀. Ní ibì kan, wọ́n máa ń kóra jọ, ó máa wá di ìkúùkuu ńlá. Ó dúdú nítorí eruku yẹn dí ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Tí ẹ bá wò ó, ẹ máa rò pé ihò ni."

"Bíi kọ́tìnnì tó nípọn."

"Gan-an. Inú ẹ̀ sì tutù. Fìríìsà yín yẹn, ààrò ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

"Ta ni alábòójútó ibẹ̀?"

"Kò sí alábòójútó, Aunty. Òòfà ni. Gbogbo nǹkan ló ń fa gbogbo nǹkan mọ́ra. Ibi tó bá kọ́kọ́ ki díẹ̀, ó máa fa èyí tó wà nítòsí, ó máa wá ki sí i, ó tún máa fa sí i."

"Wọn ò tò?"

"Wọn ò tò."

Aunty Tòún mí kanlẹ̀. Ó ti fọkàn tán ọ̀run ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nusaybah ń bá àlàyé lọ. Bí gáàsì náà ṣe ń fún pọ̀, ni àárín rẹ̀ ń gbóná, títí tí yóò fi gbóná débi pé ìmọ́lẹ̀ yóò yọ. Ìràwọ̀ kékeré a máa jẹun tán kí ó tó tàn. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ńlá kò ní sùúrù; ó ti ń tàn, ó ṣì ń jẹun lọ, nínú òkùnkùn ìkúùkuu níbẹ̀. Ojú lásán kì í rí èwe rẹ̀. Nígbà tí ìkúùkuu bá fi máa ká kúrò, ó ti dàgbà tán.

"Mo mọ irú wọn," ni Aunty Tòún wí. "Bíi àwọn ọmọ tí bàbá wọn fi pamọ́ sí Ìbàdàn, tí ìyàwó ilé kì í mọ̀, títí wọn á fi já lé e lórí ní Heathrow pẹ̀lú irùngbọ̀n."

Nusaybah rẹ́rìn-ín títí tíì fi dànù sí i lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n àwa ní awò awọ̀nàjíjìn tó ń rí ooru. Ìmọ́lẹ̀ ò lè la kọ́tìnnì yẹn kọjá, ooru lè là á kọjá. Ooru yẹn la fi ń mọ̀ pé nǹkan wà nínú ẹ̀. Aunty, ibi tó dùn jù ló kù báyìí. Ìṣòro kan wà. Tí ìràwọ̀ yẹn bá ti tàn báyìí—"

Aunty Tòún ti dìde, ó ń wo aago. "Sọ èyí tó kù ní Sátidé. Ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin wa ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Ìṣẹ́jú méjì péré ni, Aunty."

"Ẹni tó fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́, ó pẹ́ ni," ni Aunty Tòún wí, ó sì lọ. Bí ìwà ètò ṣe gba ìdajì ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Sátidé dé, ó din pọfupọọfu kún kúlà kan fún àwọn ọmọ, ó sì gbé e sẹ́yìn yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí ó fún Ọlágòkè. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Ó fa àwọn kọ́tìnnì, ó pa iná. Yàrá ṣókùnkùn. Nusaybah kò tíì dé. Ó fi fóònù ránṣẹ́ pé bọ́ọ̀sì òun ti dúró sójú kan.

"Ẹ̀yin ọmọ," ni Aunty Tòún wí nínú òkùnkùn, "inú ìkúùkuu la wà yìí. Ẹ̀yin ni gáàsì. Shiloh, ìwọ ni eruku."

"Mi ò fẹ́ jẹ́ eruku," ni Shiloh, ọmọ ọdún méje, wí. Ẹkún ti wà lóhùn rẹ̀.

"Eruku ni ọ̀gá. Òun ni kọ́tìnnì tó bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀."

Shiloh rò ó. "Ṣé mo lè fi ìbòrí yín bora, Aunty?"

Aunty Tòún tú ìbòrí dúdú orí rẹ̀ fún un, Shiloh sì gbà láti jẹ́ eruku.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn. Ọlágòkè ni, nǹkan sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Gáàsì kì í ṣàdédé tàn. Ó gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́ tó máa fi jó. Mo ní láìsẹ́ńsì."

"Gáàsì kíṣìnì nìyẹn, Gòkè. Èyí kì í jó. Ó ń fún ara rẹ̀ pọ̀ ni, títí àwọn ẹyọ kéékèèké inú rẹ̀ fi ń wọnú ara wọn, ìmọ́lẹ̀ á wá máa ti ibẹ̀ jáde."

"Ta ló wá yẹ̀ ẹ́ wò pé kò léwu?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Kò sẹ́nì kankan," ni Ọlágòkè tún wí, ó sì mi orí.

Ó wá ku ẹni tí yóò ṣe ìràwọ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ ṣe é. Nímọ́tà ní òun ni àgbà kíláàsì; ọmọ mìíràn ní bàtà òun ló ń tàn. Ariwo sọ, títí Asher fi sọ̀rọ̀.

"Ìràwọ̀ tó tóbi la ní. Daddy ló tóbi."

Ọlágòkè gbìyànjú láti mọ̀ bóyá èébú ni tàbí ọlá, ó sì pinnu pé ọlá ni. Ó gbé àga rẹ̀ wá sí àárín yàrá, ó jókòó, ó sì di tọ́ọ̀ṣì ńlá tí ó fi ń ṣiṣẹ́ mú.

"Òòfà ti bẹ̀rẹ̀ o," ni Aunty Tòún wí. "Gáàsì, ẹ máa bọ̀."

Gáàsì kò bọ̀ dáadáa. Láti ọjọ́ tí kíláàsì náà ti bẹ̀rẹ̀ ni Aunty Tòún ti ń kọ́ wọn pé èèyàn kì í sún mọ́ àgbà láìkí i. Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ Ọlágòkè dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ káàárọ̀, sà." Ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e kúnlẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò ríran, wọ́n ń ṣubú lé àwọn tó ń kí ìràwọ̀. Ọlágòkè náà ń dáhùn: "Pẹ̀lẹ́ o. Daddy ńkọ́? Mummy ńkọ́?" Shiloh, eruku, ń fò kọjá lórí gbogbo wọn, ó ń pariwo pé òun ni ọ̀gá. Aunty Tòún kò mọ ohun tí yóò ṣe. Kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọ Yorùbá pé kí ó má kí àgbà.

"Gáàsì ti kí wọn tán," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ó tó. Ẹ máa wọlé."

Ni wọ́n bá já lù ú láti ọ̀tún, láti òsì, láti iwájú, láti ẹ̀yìn. Àga ké.

"Ìràwọ̀, tan iná rẹ," ni Aunty Tòún wí.

Ọlágòkè tan tọ́ọ̀ṣì. Tọ́ọ̀ṣì oníṣẹ́ ni, ó mọ́lẹ̀ bí iná mọ́tò. Bí ó ti ń yí i kiri ni àwọn ọmọ ń fọwọ́ bojú, tí wọ́n ń sá sẹ́yìn, tí wọ́n fi lọ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọlágòkè nìkan ló kù láàárín.

Asher gbé ọwọ́ sókè. "Aunty, tí iná ẹ̀ bá ń lé gáàsì sẹ́yìn, kò ní rí nǹkan jẹ mọ́. Báwo ló ṣe wá di massive?"

Ìṣòro tí Nusaybah fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Aunty Tòún dúró. Ó mọ̀ pé bí òun bá parọ́ fún ọmọ yìí, yóò mọ̀.

"Mi ò mọ̀, Asher."

Asher wo bàbá rẹ̀. Ọlágòkè dìde díẹ̀díẹ̀. Àánú obìnrin náà ṣe é lóòótọ́. "Aunty, ẹ gbìyànjú. Ó dùn gan-an. Mo gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà rí i…"

Ó kù díẹ̀ kí ó sọ ọ́ tán ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ìjà. Wọ́n ti rí i pé ìràwọ̀ ń lọ, wọ́n sì ń ti ara wọn kí wọ́n lè dé ibi àga rẹ̀. Ẹnì kan gbá ẹnì kan. Shiloh ń ké. Aunty Tòún kò ronú rárá. Gbogbo ọdún tí ó fi bu oúnjẹ ni ó bá a sọ̀rọ̀. Ó na ìka rẹ̀.

"Ẹ tò sí láìnì. Ìwọ, Gòkè, jókòó. Gbé iná yẹn dúró ṣánṣán, má tàn án sí ọmọ lójú."

Ọlágòkè jókòó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì lé orúnkún, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì kọjú sí àjà. Àwọn ọmọ tò. Ṣùgbọ́n yàrá kéré, láìnì náà kò lè tọ́. Ó ní láti ká, ó sì yí àga Ọlágòkè po bí etí àwo. Wọ́n ń rìn yípo, wọ́n ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ẹni tó wà níwájú fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ ó sì jókòó tì í, ẹni tó tẹ̀ lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba òkè lọ ní tirẹ̀, àwọn ọmọ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ní tiwọn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ bojú mọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Nusaybah ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

"Aunty," ni ó wí, "ta ló sọ fún yín?"

"Ta ló sọ kí ni? Wọ́n ń pariwo, mo ní kí wọ́n tò."

"Ibi tí mo ní ó dùn jù nìyí. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí ẹ̀ tipẹ́. Gáàsì kì í wọlé láti ibi gbogbo. Ó máa ń yí ìràwọ̀ yẹn po, ó máa tẹ́ bí àwo, ó máa wá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ìmọ́lẹ̀ máa gba òkè àti ìsàlẹ̀ jáde. Wọn ò dí ara wọn lọ́nà."

Aunty Tòún wò ó pẹ́. "Nítorí náà, wọ́n ń tò."

"Ẹ lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"O ní wọn ò tò."

"Mo jẹ̀bi, Aunty."

Aunty Tòún tan iná yàrá, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ní kí àwọn ọmọ wá gba pọfupọọfu. Wọ́n tò síbi kúlà. Nímọ́tà tó wà níwájú ṣí i, ó wo inú rẹ̀, ó sì yíjú sí Ọlágòkè. Gbogbo láìnì yíjú sí i.

"Inú òkùnkùn ni," ni Ọlágòkè wí. "Mi ò rí iye tó kù."

"Nusaybah," ni Aunty Tòún wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ìràwọ̀ tó gba gáàsì gbogbo tó bẹ́ẹ̀, ṣé ó máa ń pẹ́ láyé?"

"Rárá o. Bó ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jẹ ẹ́ tán kíákíá. Oòrùn tiwa, bílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá. Èyí tó tóbi gan-an, mílíọ̀nù díẹ̀ péré, ó máa bú gbàmù."

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn," ni Aunty Tòún wí, ó sì dúró kí kíláàsì parí rẹ̀.

"Ni yóò ru igbá rẹ̀ délé," ni àwọn ọmọ wí. Wọ́n ti kọ́ òwe náà ṣáájú, ṣùgbọ́n wọn kò tíì rí ẹni tí wọ́n lè lò ó fún.

Báyìí ni Ọlágòkè ṣe gbé kúlà òfìfo náà sí èjìká, tí ó ń rù ú lọ sílé Aunty Tòún lójú títì Rye Lane, tí àwọn èèyàn sì ń yà fún un. Asher ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ó yá, sọ ọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. "Kò sí òyìnbó o."

Asher bẹ̀rẹ̀. "Ìkúùkuu kan wà. Ó dúdú, ó tutù. Eruku ló jẹ́ kó dúdú, Shiloh nìyẹn. Gáàsì ń fa ara wọn. Wọ́n fún pọ̀, ó gbóná, ó tàn. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń jẹun nínú kọ́tìnnì, kò sẹ́ni tó rí i. Iná ẹ̀ fẹ́ lé gáàsì lọ. Ṣùgbọ́n gáàsì tò, wọ́n yí i po, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́. Ó wá tóbi. Ó jẹ gbogbo ẹ̀ tán. Kò pẹ́, ó bú gbàmù." Ó sinmi díẹ̀. "Daddy, ẹ rọra máa jẹ pọfupọọfu."

Títí wọ́n fi dé iwájú ilé Aunty Tòún ni Ọlágòkè ń wá ọ̀rọ̀ òyìnbó kan nínú ohun tí ọmọ náà sọ, kò sì rí i.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ti tò síwájú yàrá, mẹ́sàn-án pé, nígbà tí ilẹ̀ ṣú lẹ́nu ọ̀nà. Ọlágòkè ni, ó gbé kúlà kan tó kún fún pọfupọọfu lọ́wọ́, ó sì ń kọjá àwọn ọmọ lọ tààrà láti lọ gbé e fún Aunty Tòún. Aunty Tòún na ìka kan sí ẹ̀yìn láìnì.

Ọlágòkè wo ìka náà. Ó yí padà, ó sì lọ dúró sẹ́yìn Shiloh.